Ta Ló Jẹ Orí Agolo?

Omi ló yí ìlú náà ká. Kò sí nǹkan jíjẹ tí kì í kọ́kọ́ gun ọkọ̀ kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ọ̀hún sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì; bí ìjì bá jà, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù kan wà létí èbúté tó ń ta nǹkan ní wẹ́wẹ́: ife ìrẹsì kan, ìgò òróró kan, ọṣẹ ẹyọ kan. Ẹni tó ni ín mọ̀ pé àwọn èèyàn kò ríbi sá sí, ó sì ń tà á bí ẹni ń ta oògùn. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ Ilé Ẹrù sẹ́yìn èbúté, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ọjà pọ́ọ́kú ti dé, Ìyá Òṣùwọ̀n wà lára àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò mọ̀ pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ti fi ata sẹ́nu.

Ilé Ẹrù ga tó ilé alájà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò ní àjà kankan nínú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, wọ́n to ẹrù lórí pákó títí tó fi fẹ́ kan òrùlé, kò sì sí nǹkan kékeré níbẹ̀. Òróró, kẹ́ẹ̀gì ni. Ṣúgà, odidi àpò ni. Bí o bá ń wá ìṣáná, èyí tó lè dáná sun gbogbo àdúgbò ni wọ́n máa tà fún ọ. Ọjà dínwó lóòótọ́, àmọ́ èèyàn kò gbọdọ̀ wọlé láìní káàdì, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san owó káàdì náà, wọ́n á ya fọ́tò rẹ sí i lára bí ẹni pé ọ̀daràn ni ọ́. Ẹ̀yin ẹ wo nǹkan. Ẹni tó lówó ló ń ra ọjà pọ́ọ́kú; tálákà tí kò lágbára káàdì, tí kò lágbára odidi àpò, òun ló ń ra ife kọ̀ọ̀kan ní owó gọbọi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, kò tíì yé mi.

Ìyá Òṣùwọ̀n ló wá ọ̀nà gbà á. Iṣẹ́ tapólì ló ń ṣe, àwọn tapólì líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń rán an nínú ahéré onípáànù kan létí èbúté, awọ tó máa ń dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti fi ti abẹ́rẹ́ sì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pákó. Òun ló kó ilé márùn-ún jọ ní àdúgbò: ilé tirẹ̀, ti Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti Ìyàwó Atukọ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin, ti Kápẹ́ńtà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àti ti Nọ́ọ̀sì. Wọ́n dá owó káàdì kan ṣoṣo, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n sì yà sí i. Bí ọkọ̀ bá ti dé, á ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ, á ra àpò ìrẹsì kan, nígbà tó bá di Sátidé, gbogbo wọn á gbé abọ́ wá sórí pèpéle iwájú ilé rẹ̀, á sì pín in. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, Ìyá Onítapólì ni wọ́n ń pè é.

Agolo mílíìkì ńlá kan tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á bù ú kún, á jẹ́ kó ga gogo lórí títí ìrẹsì á fi máa ṣàn sílẹ̀ létí rẹ̀. Orí agolo ni wọ́n ń pe gogo yẹn, ní àdúgbò náà, agolo tí kò lórí kì í ṣe agolo. Ọgọ́rùn-ún agolo olórí ló ń wà nínú àpò kan, ogún fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń pín ló ń gbẹ̀yìn: òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti wọ̀n fún àwọn mẹ́rin yòókù tán, tí kálukú ti gbé abọ́ rẹ̀ lọ, yóò gbé èyí tó kù nínú àpò wọlé, yóò sì wọ̀n ọ́n sínú ike tirẹ̀. Ogún ló máa ń jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ráhùn rí.

Ó wá di Sátidé kan, ó gbé ìyókù wọlé, ó wọ̀n ọ́n, méjìlá ló bá. Ó gbọn àpò. Ó dà á padà, ó tún un wọ̀n, méjìlá náà ni. Ó ní bóyá òun ṣi kà nígbà tí Kápẹ́ńtà ń dá àpárá, tí ẹnì kan sì gba méjìdínlọ́gbọ̀n lọ sílé láìmọ̀. Ó rò ó pé kí òun lọ béèrè, ojú tì í. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi méjìlá yẹn gbé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ní inú ń run òun kí bàbá náà lè jẹ àjẹyó. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn pé, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ó ka agolo sókè lójú gbogbo wọn, ó gbé ìyókù wọlé. Méjìlá.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Bàbá náà ti fìgbà kan rí jẹ́ alábàárù èbúté tó ń fi èjìká gbé ẹrù, kí orúnkún tó dá a jókòó sójú fèrèsé. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun ló ń wúwo, pé ojú àgbà kò rí òkè mọ́, pé orí agolo rẹ̀ ti ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi èyí tó yẹ kó jẹ tọrẹ fún àdúgbò. Àwàdà ló fi ṣe, àmọ́ obìnrin náà gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ṣòótọ́, ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fura sí. Olè ni kì í fura sí ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àpò kẹta dé, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Bí ó bá ti bu agolo kún, á fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ré orí rẹ̀ kúrò, á jẹ́ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kó tó dà á sínú abọ́ olóhun. Kò sọ ìdí rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ṣé kó ní ẹ ti jẹ lára ìpín mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dá a padà? Ó wọ̀n títí, ó gbé ìyókù wọlé, ogún agolo ló bá níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò ó. Àṣé òótọ́ ni, àṣé ọwọ́ òun ni. Ayọ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Níta, àwọn tó gbé abọ́ lọ kò dunnú. Ìyàwó Atukọ̀ wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wo abọ́ rẹ̀. Ó sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí tí ìyá bá ń bu oúnjẹ fún ọ fún ọdún mẹ́ta, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nù ún kúrò lójú rẹ láìsọ nǹkan kan, kí lo fẹ́ rò?

Sátidé tí wọ́n pín àpò kẹrin ni Tíṣà sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Tíṣà jẹ́ sí i: ó kéré sí i ní ọdún mẹ́fà, ògiri kan ló là wọ́n láàárín, òun ló máa ń bá a kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, Ìyá Òṣùwọ̀n ló sì rán báàgì tí àwọn ọmọ Tíṣà fi lọ iléèwé títí wọ́n fi jáde. Tíṣà dúró, ó di abọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó bó ṣe ń ré orí agolo kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni ó wí. "Owó tí a ń dá kò dín, àpò náà kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, agolo kò yí padà. Ẹ dákun, níbo ni orí agolo ń lọ?"

Ìyá Òṣùwọ̀n wo ojú kálukú wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin. Ó wọ̀n ìrẹsì náà parí, pẹrẹsẹ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Tíṣà ní òun máa lọ ra káàdì tòun lọ́sẹ̀ náà, ẹni tó bá fẹ́ bá òun lọ kó sọ. Nọ́ọ̀sì mi orí pé òun gbà. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì bá lọ, káàdì á wọ́n ju agbára àwọn mẹ́ta tó kù lọ, ọmọ mẹ́rin Ìyàwó Atukọ̀ á sì padà sórí ife kọ̀ọ̀kan ní èbúté. Ìyẹn nìkan tó nǹkan, kò tíì kan orúkọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan nínú ahéré tapólì bi í léèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, bóyá agolo rẹ̀ ṣì ń gba orí. Ìlú yẹn kéré. Ọ̀rọ̀ kì í rí ibi gbà jáde, inú rẹ̀ náà ló máa ń yípo sí.

Ọjọ́ Wẹ́síde, òjò ń rọ̀, kò sí iṣẹ́ ní èbúté. Ó jókòó sílé láti fi àwọn àpò ìrẹsì àtijọ́ rán ohun tí yóò dí ojú fèrèsé ọkọ rẹ̀, kí òjò má baà máa ta sí orúnkún rẹ̀. Bí ó ṣe máa ń ṣe é ni pé á tú ojú rírán àpò, á tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, á wá so wọ́n pọ̀. Ó tú ọ̀kan, ó tú èkejì, ó tẹ́ wọn síra. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdún tó kọjá, èkejì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ti ẹnu àìpẹ́ yìí. Àwọ̀ kan náà ni, gígùn kan náà ni, àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun kan náà ló wà lára wọn. Àmọ́ lára ti àtijọ́, wọ́n kọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gàdàgbà sí abẹ́ ọkọ̀ náà. Lára ti tuntun, wọ́n ti fẹ ọkọ̀ ìgbòkun yẹn lójú débi pé ó ti bo ibi tí nọ́ńbà wà.

Ó wá nọ́ńbà náà kiri. Ìdí àpò ló ti bá a, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ sí kí wọ́n tó rán an, ó kéré bí kòkòrò. Bí kò bá tú ojú rírán yẹn, kò ní rí i láyé. Mẹ́tàlélógún. Ẹni tó ń fi téèpù wọn tapólì lójoojúmọ́ kì í ṣi nọ́ńbà kà. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka: agolo mẹ́rin ní kílò kan, kílò méjì ló dín, agolo mẹ́jọ. Ogún yọ mẹ́jọ, méjìlá.

Ó jókòó sí ilẹ̀ náà láàárín àwọn àpò. Àṣé ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo. Àṣé Ilé Ẹrù ló ti ń tọwọ́ bọ abọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì, òun wá fi ọwọ́ ara òun ré orí agolo kúrò lẹ́nu aládùúgbò láti fi bo olè mọ́lẹ̀. Wọ́n gba oúnjẹ, wọ́n gba orúkọ, wọ́n sì fi òun ṣe aṣojú wọn láìsanwó. Nígbà tó ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀, bàbá náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní kó dárí ji òun nítorí àwàdà ọjọ́sí. Ó fèsì pé òun kò bá a jà, òun mọ ẹni tí òun máa bá jà. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó kó àpò àtijọ́ àti tuntun, ó mú agolo, ó ká tapólì kékeré kan sábẹ́ apá, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ilé Ẹrù. Ó ní máníjà ni òun fẹ́ rí. Máníjà, ọmọkùnrin kan tó de táì, jáde wá, ó wo àpò méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ń rùn.

"Màmá, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀," ni ó sọ. "A kọ ọ́ sára àpò. A kò sì fi kún owó rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ ni."

Kó dúpẹ́! Ìyá Òṣùwọ̀n gbé ìdí àpò sókè sí i lójú.

"Ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá lẹ kọ ọ́ sí, ọmọ mi. Ẹni tó ní òótọ́ lọ́wọ́ kì í lọ fi pamọ́ sídìí àpò."

Máníjà ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìyá kò bá a jiyàn mọ́. Owó àpò tó ń bọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ìlà, ó ra àpò kan, ó sanwó rẹ̀, ó gba rìsíìtì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí sẹkúríìtì ti máa ń fi bírò sàmì sí rìsíìtì, ó tẹ́ tapólì rẹ̀ sílẹ̀, ó fa abẹ yọ, ó la ẹnu àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ìrẹsì. Pẹ̀lú orí. Gogo, bó ṣe yẹ kó rí. Ó ń kà á sókè.

Nígbà tó dé ogún, kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé ogójì, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á. Máníjà sáré dé, ó ní kí sẹkúríìtì gbé e kúrò lọ́nà. Sẹkúríìtì yẹn ọmọ ìlú ni, ìyá rẹ̀ náà ń jẹ ìrẹsì. Dípò kó gbé ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ìdí àpò tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù wò. Ní agolo kejìléláàádọ́rùn-ún, Ìyá Òṣùwọ̀n dojú àpò dé, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí ẹyọ ìrẹsì kan tó jábọ́.

Ìgbà yẹn ló gbé ojú sókè, ó sì rí Tíṣà. Ó wà lórí ìlà àwọn tó ń ra káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyafọ́tò, káàdì tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n na àpò tuntun tó ti tú nílé sí i.

"Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé láàárín wa. Bá wa ka ìdí àpò yìí."

Tíṣà gba àpò náà. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi ìka la ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ náà, ó kà á jáde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, àmọ́ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan dá àpò padà, àwọn kan bú máníjà, ọ̀pọ̀ sì sanwó wọn jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń kùn, nítorí níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ilé Ẹrù kò tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ìyá náà dí ọ̀nà, wọ́n gba káàdì rẹ̀, máníjà sì fi sáàsì gé e sí méjì, ó gé fọ́tò rẹ̀ láàárín ojú. Ìyá Òṣùwọ̀n dá ìrẹsì padà sínú àpò, ó fa abẹ́rẹ́ tapólì yọ nínú gèlè rẹ̀, ó rán ẹnu àpò náà pa níbẹ̀ lójú wọn, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Tíṣà fẹ́ bá a tì í. Ó ní kó fi sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tíṣà kan ilẹ̀kùn. Ike ìrẹsì ilé rẹ̀ ló gbé sọ́wọ́. Ó ti bi bàbá ojú fèrèsé léèrè iye tí wọ́n ń bá nínú àpò, ó ti lọ jókòó, ó ti ṣírò rẹ̀ bí tíṣà: lára àpò méjì àkọ́kọ́ tó dín, ogún agolo olórí ni kálukú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sì ni mẹ́jọ àti mẹ́jọ ti lè jáde. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi agolo yẹn wọ̀n mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n kò ṣe bí ẹni rere tó ń sọ pé má ṣèyọnu. Ó jókòó, ó wọ̀n ọ́n. Ike náà gbẹ lórí èyí tó kẹ́yìn, agolo náà kún dé etí, kò lórí.

"Tíṣà," ni ó sọ, "níbo ni orí èyí ń lọ?"

Tíṣà bú sẹ́kún. Ìyá Òṣùwọ̀n dúró títí ó fi nu ojú, ó wá sọ fún un pé ìrẹsì ti pé, ó ku orúkọ òun. Orí pèpéle, lójú èèyàn mẹ́ta, ni wọ́n ti gbà á; kì í ṣe inú yàrá ni wọ́n máa ti dá a padà.

Sátidé dé, gbogbo wọn gbé abọ́ wá. Tíṣà dúró síwájú àpò náà, ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: ohun tí òun sọ, ohun tó jẹ́ òótọ́, àti ẹni tó ń fi ebi sùn kí abọ́ tiwọn lè ga. Ó ní káàdì tuntun tòun ni wọ́n máa lò báyìí, ti gbogbo wọn ni. Ìyàwó Atukọ̀ kúnlẹ̀. Kápẹ́ńtà gbìyànjú láti dá àpárá, kò jáde. Ìyá Òṣùwọ̀n gbọ́ ọ tán, ó na agolo sí Tíṣà.

Ó ní kó máa wọ̀n, òun ti fẹ̀yìn tì. Méjìdínlógún ló máa kan ilé kọ̀ọ̀kan, méjì á sì ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ Ìyàwó Atukọ̀, ẹni tó ń pín ni yóò sì gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí òfin. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ó gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú ti gbogbo wọn, ó fi àga sídìí, ó jókòó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára agolo. Tíṣà bù ú kún, ìrẹsì ń ṣàn sílẹ̀ létí rẹ̀.

"Jẹ́ kó ga, Tíṣà," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí.